Chip tí kò nílò lẹ́ẹ̀dì: bí bọ́ọ̀dù ṣe ń kú láì tan áyọ́ọ̀nù

1. Ẹ̀yin ọmọ ilé gẹ́ẹ̀mù, ẹ súnmọ́ ibí. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a gbá Winning Eleven ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi chip sí nínú la fi gbá a. A mọ ẹni tó lè gbá Brazil, a mọ ẹni tó máa ń sunkún tí wọ́n bá nà án. Ṣùgbọ́n a kò sọ ìtàn àwọn tó ń ṣí ẹ̀rọ yẹn, àti bọ́ọ̀dù tó kú sí wọn lọ́wọ́. Òun ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ó gùn díẹ̀ o, ẹ fọkàn bá mi lọ.

2. Kí ni chip yìí gan-an? PlayStation àkọ́kọ́ jáde ní Japan ní oṣù Kejìlá 1994. Sony kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni da CD rẹ̀ kọ. Nítorí náà, ní inú lọ́hùn-ún CD gidi, wọ́n jẹ́ kí ojú ọ̀nà tí iná ń kà máa mì díẹ̀díẹ̀. Mímì yẹn ń sọ lẹ́tà mẹ́rin: SCEI fún Japan, SCEA fún Amẹ́ríkà, SCEE fún Yúróòpù. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́tà yẹn kó tó ṣílẹ̀kùn.

3. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń da CD kọ kò lè kọ mímì yẹn. Torí náà, CD àdàkọ kò ní ṣí. CD gidi tó ti agbègbè míì wá náà kò ní ṣí, torí lẹ́tà wọn kò bára mu.

4. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Winning Eleven ńkọ́? Konami ló ń ṣe é, ọmọ Japan ni, 1995 ni ti àkọ́kọ́ jáde. CD tó sì wà lọ́jà, láti Alaba ní Èkó títí dé ọ̀dọ̀ wa, àdàkọ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ rò ó wò: ẹ̀rọ ọmọ London, gẹ́ẹ̀mù ọmọ Japan, CD ọmọ Alaba. Láìsí chip, àpótí lásán lẹ gbé sílé.

5. Iṣẹ́ chip kò ju pé kó máa pe lẹ́tà mẹ́rin yẹn sí etí ẹ̀rọ náà, kí ẹ̀rọ rò pé CD ló sọ ọ́. Kékeré ni, kò tó èékánná. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ fi wáyà so ó mọ́ bọ́ọ̀dù, kí wọ́n sì fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ ọn. Fún PlayStation àkọ́kọ́, wáyà mélòó kan ni. Nígbà tí PlayStation 2 dé ní oṣù Kẹta 2000, àwọn chip kan ń gba wáyà tó lé ní 20. Ibòmíràn tí wáyà ń lọ, ẹ máa rò pé ẹsẹ̀ èèrà ni.

6. Ìṣòro ibẹ̀ nìyí. Bàbà tó wà lójú bọ́ọ̀dù, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni. Tí áyọ́ọ̀nù bá gbóná jù, tàbí tó pẹ́ jù lójú kan, ohun tó lẹ̀ ẹ́ á tú, bàbà á ṣí kúrò bí èèpo. Tó bá ti ṣí, ojú ọ̀nà iná ti já nìyẹn.

7. Ẹ wá fi ti NEPA kún un. Tí iná bá rẹlẹ̀, áyọ́ọ̀nù á kàn máa lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, lẹ́ẹ̀dì ò ní yọ́. Kí ni oníṣẹ́ á ṣe? Á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Á dúró pẹ́. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn gan-an ló ń ká bàbà kúrò. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, wọ́n á tan jẹ́nẹ́, áyọ́ọ̀nù á gbóná kọjá ààlà. Ọ̀nà méjèèjì, ibì kan náà ló já sí.

8. Ẹ má sì fi ojú ohun ìṣeré wo ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹni tó ní ilé gẹ́ẹ̀mù ní Tákíẹ̀ tàbí ní Owódé, owó àjọ ló fi ra ẹ̀rọ méjì, tẹlifíṣọ̀n méjì àti jẹ́nẹ́ kékeré kan. Bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan lówó tirẹ̀. Tí bọ́ọ̀dù kan bá kú, ìdajì ṣọ́ọ̀bù ti lọ. Owó ilé ìwé ọmọ wà nínú rẹ̀, owó àjọ tí kò tíì san tán náà wà nínú rẹ̀. Èyí ni ìdí tí àwọn èèyàn fi fò mọ́ ohun tí wọ́n pè ní solderless, ìyẹn chip tí kò nílò lẹ́ẹ̀dì.

9. Ibo ló ti wá? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Amẹ́ríkà díẹ̀. Microsoft gbé Xbox jáde ní oṣù Kọkànlá 2001. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní MIT, Andrew Huang, tí gbogbo ayé ń pè ní bunnie, ṣe bọ́ọ̀dù kékeré kan tó fi ń tẹ́tí sí ohun tí àwọn chip inú Xbox ń bá ara wọn sọ. Ní 2002 ó rí kọ́kọ́rọ́ tí Microsoft fi pamọ́. Ó kọ ìwé lé e lórí, *Hacking the Xbox*, tó jáde ní 2003. Ilé ìtẹ̀wé tó kọ́kọ́ gba ìwé náà bẹ̀rù, wọ́n dá a padà. Ìwé náà ṣì jáde ṣá.

10. Ohun tó jẹ́ kí Xbox yàtọ̀ ni pé Microsoft fúnra wọn fi ojú ihò kan sílẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, LPC ni wọ́n ń pè é. Ìlà méjì ni, ihò mẹ́jọ mẹ́jọ, wọ́n dí ọ̀kan pa. Ilé iṣẹ́ ló fi wà níbẹ̀ láti yẹ ẹ̀rọ wò. Àwọn tó ń ṣe chip wá ronú pé: tí ihò bá ti wà, kí la tún ń jó lẹ́ẹ̀dì sí? Wọ́n fi abẹ́rẹ́ onísípíríǹgì sí ìdí chip. Ẹ kàn gbé e lé orí ihò, abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan á wọ ihò tirẹ̀, ẹ fi súkúrù kan dè é. Ó tán.

11. Ó tán lẹ́nu ni o. Ẹ rántí pé nínú ihò wọ̀nyẹn, iná fóòtì 5 wà nínú òmíràn, fóòtì 3.3 wà nínú òmíràn, ọ̀rọ̀ lásán ló ń gba inú púpọ̀ nínú àwọn tó kù kọjá. Aládùúgbò ni wọ́n. Tí chip bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, iná 5 lè bọ́ sí ibi tí ọ̀rọ̀ yẹ kó wà. Tí ẹ bá tanná pẹ́nrẹ́n, ẹ lè má gbọ́ ariwo, ẹ lè má rí èéfín. Ẹ̀rọ ò kàn ní jí mọ́.

12. Wàhálà kejì: súkúrù. Abẹ́rẹ́ tí kò kan ìdí ihò kì í ṣiṣẹ́ dáadáa. Oníṣẹ́ á ní "ẹ jẹ́ kí n fún un díẹ̀ sí i." Á fún un. Á tún fún un. Bọ́ọ̀dù á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Bọ́ọ̀dù kì í ṣe igi lásán, ó ní ìpele ọ̀nà iná nínú. Tó bá tẹ̀, lẹ́ẹ̀dì kékeré tó wà lábẹ́ àwọn chip ńlá á sán. Ó lè ṣiṣẹ́ lónìí, kó kú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nígbà tó bá gbóná. Oníbàárà á ní NEPA ló pa á. Kì í ṣe NEPA.

13. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Ọ̀yọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ìlú àwọn tó ń fín igbá. Ẹ wo ẹni tó ń fín igbá dáadáa: ọ̀bẹ rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Ó mọ̀ pé èèpo igbá kò nípọn. Tó bá fagbára tẹ ọ̀bẹ, igbá á lu, igbá tó bá sì lu, tirẹ̀ ti tán. Bọ́ọ̀dù náà nìyẹn.

14. Wàhálà kẹta ni pé Xbox kì í ṣe ẹyọ kan. Microsoft ń yí bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ padà láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti 1.0 dé 1.5, ojú kan wà tí wọ́n ń pè ní D0. Tí chip bá fi ojú yẹn kan ilẹ̀ iná, ẹ̀rọ á gbàgbé ohun tó wà nínú ara rẹ̀, á wá ka ti chip. Nínú 1.6, tó jáde ní 2004, wọ́n yọ ọgbọ́n yẹn, wọ́n sì gé lára ọ̀nà tó lọ sí LPC. Ẹni tó bá gbé chip ti 1.0 lé 1.6 lórí á máa fún súkúrù títí, kò sì ní ṣiṣẹ́ láéláé. Bọ́ọ̀dù ló máa kú sí àìmọ̀ yẹn.

15. Ohun kan ṣì wà tí wọ́n fi ń purọ́ mọ́ chip. Àwọn Xbox ṣáájú 1.6 ní kapásítọ̀ kan tó ń tọ́jú aago. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, omi inú rẹ̀ ń jò sílẹ̀, ó sì ń jẹ bàbà tó wà nítòsí. Ẹ ṣí ẹ̀rọ láti fi chip sí i, ẹ ò wo ibẹ̀, ẹ dé e padà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ẹ̀rọ á kú. Gbogbo èèyàn á ní chip ló pa á. Ẹ kọ́kọ́ wo kapásítọ̀ yẹn kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Tó bá ti ń jò, ẹ yọ ọ́, ẹ fi sípírítì nu ojú ibẹ̀ mọ́.

16. Wii jáde ní oṣù Kọkànlá 2006, òun náà ní solderless tirẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀. Kò sí ihò. Ohun bí ẹ̀mú kékeré ni, tó ń gbá ẹsẹ̀ chip inú ibi tí CD ń wọ̀ mú. Ẹsẹ̀ yẹn tín-ín-rín, wọ́n sún mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Tí ẹ bá gbé ẹ̀mú náà wọ́gọwọ̀gọ, ẹsẹ̀ á tẹ̀, méjì á kan ara wọn. Tó bá sì dúró dáadáa lónìí, ìgbóná àti gbígbé kiri lè tú u lọ́la. Àwọn kan wá ń fi gúlúù lẹ̀ ẹ́. Háà! Gúlúù á ṣàn sáàárín ẹsẹ̀, ẹni tó bá tún fẹ́ ṣe é lọ́jọ́ iwájú á fa ẹsẹ̀ já pọ̀ mọ́ ọn.

17. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan sọ pé: kí la tiẹ̀ ń ṣí ẹ̀rọ fún? Ní 2008, Free McBoot dé fún PlayStation 2. Inú memory card ló ń gbé. Ẹ ki káàdì bọ̀ ọ́, ẹ tanná, ó ṣí. Kò sí súkúrù, kò sí abẹ́rẹ́. Ọdún yẹn náà ni Twilight Hack ṣe irú ẹ̀ fún Wii. Ní oṣù Kẹjọ 2010, PS Jailbreak ṣe tirẹ̀ fún PlayStation 3 látinú ojú USB. Ní tèmi, èyí ni solderless tòótọ́: èyí tí kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù rárá. Àwọn PlayStation 2 tẹ́ẹ́rẹ́ ìgbẹ̀yìn, SCPH-9000x tí BIOS inú rẹ̀ jẹ́ 2.30, nìkan ni Free McBoot kò bá ṣe.

18. Nintendo Switch ló tún dá wa padà sí bọ́ọ̀dù. Ní oṣù Kẹrin 2018, Kate Temkin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tú àṣírí àbùkù kan tó wà nínú chip Tegra. Láti lò ó, wọ́n ní láti so ojú irin méjì pọ̀ níbi tí Joy-Con ti ń wọ̀. Wọ́n ṣe ike kékeré kan fún un. Àwọn tí kò fẹ́ ra ike mú pépà kílíìpù. Kílíìpù ń tẹ ojú irin yẹn, ó ń ha á, ó sì lè kan ibi tí iná wà. Ẹ̀rọ olówó ńlá, ohun tí wọ́n fi ń so ìwé pọ̀ ló bà á jẹ́.

19. Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ohun méjì wà ní ìlú tiwa tí ìwé àwọn òyìnbó kì í sọ púpọ̀. Àkọ́kọ́ ni ọyẹ́. Láti bí oṣù Kọkànlá dé oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ gbẹ bí ẹran òyìnbó inú ààrò. Tí ẹ bá bọ́ súwẹ́tà lóru, ẹ ń gbọ́ ta-ta-ta. Iná ni yẹn. Ara wa kì í mọ̀ ọ́n títí tó fi tó nǹkan bíi fóòtì 3,000. Àwọn chip kan ń kú sí ohun tí kò tó 100. Ẹ lè pa bọ́ọ̀dù láì mọ̀ pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan.

20. Tí ẹ bá ń ṣe é nígbà ọyẹ́, ẹ má ṣe é lórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ má wọ aṣọ ọ̀rá. Ẹ lo okùn ọwọ́ tó ń da iná ara sílẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ máa fọwọ́ kan irin ara ẹ̀rọ náà léraléra kí ẹ tó kan bọ́ọ̀dù. Etí ni kí ẹ ti máa gbé bọ́ọ̀dù, bí ẹni gbé fọ́tò tí kò tíì gbẹ. Chip náà, inú ọ̀rá tó bá wá ni kó wà títí ẹ fi máa gbé e sí i.

21. Èkejì ni iná. Xbox tó ti Amẹ́ríkà wá, iná bíi 120 ló mọ̀. Tiwa jẹ́ 240. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi chip sí dáadáa, tí wọ́n mítà gbogbo rẹ̀, tí wọ́n wá kì í bọ sókẹ́ẹ̀tì láì lo ẹ̀rọ tó ń dín iná kù. Ìró kan ṣoṣo. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí ẹ̀rọ kí ẹ tó tàn án. Ẹ sì lo sítabiláísà, torí iná tí NEPA bá mú padà dé lójijì kì í mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́.

22. Gbogbo ìtàn yìí, tí mo bá fún un pọ̀, ìlànà tó jáde níbẹ̀ kò pọ̀:
– Ẹ mọ irú bọ́ọ̀dù tó wà níwájú yín kí ẹ tó ra chip.
– Ẹ yọ ọ́ kúrò nídìí iná, ẹ jẹ́ kó sinmi. Kapásítọ̀ inú páwà ṣì ń tọ́jú iná pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ọ́.
– Ẹ fi sípírítì nu ojú ibi tí chip máa kàn. Ìdọ̀tí ló ń mú kí èèyàn máa fún súkúrù.
– Ẹ gbé e lé e ní tààrà. Súkúrù, ìka méjì ló yẹ kó yí i. Tó bá ti dúró, ẹ dúró.

23. – Kí ẹ tó tanná, ẹ fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojú iná àti ilẹ̀ kan ara wọn. Tó bá dún píìì, ẹ má tàn án.
– Wáyà pẹlẹbẹ tó lọ síbi CD, ẹ ṣí ìdè rẹ̀ kí ẹ tó fà á. Ẹ má yọ ọ́, ẹ má kì í bọ̀ ọ́ nígbà tí iná wà lára ẹ̀rọ.
– Tí kò bá ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tún un gbé. Ẹ má fi agbára kún un.

24. Òfin ńkọ́? Ẹ má jẹ́ ká bo ojú. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ilé ẹjọ́ dá àwọn tó ń ta chip lẹ́bi ní 2004. Ní Ọsirélíà, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ní 2005 pé chip PlayStation kò rú òfin ìgbà yẹn, wọ́n sì yí òfin padà lẹ́yìn rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n rán Gary Bowser ti Team Xecuter, ẹgbẹ́ tó ń ta chip, lẹ́wọ̀n oṣù 40 ní 2022. Nàìjíríà náà ti ní òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà tuntun, Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta 2023, ó sì sọ̀rọ̀ nípa jíjá àgádágodo tí wọ́n fi sí iṣẹ́ oníṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ yìí jẹun lónìí, kó mọ̀ ọ́n.

25. Kí wá ni mo ń wò nínú gbogbo ẹ̀? Sony ta PlayStation 2 tó lé ní mílíọ̀nù 150, wọ́n sì dẹ́kun ṣíṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ 2013. Èyí tó bá kú báyìí, kò sí tuntun tó máa rọ́pò rẹ̀. Inú ẹ̀rọ yẹn ni ìtàn ìgbà èwe wa wà. Ẹni tó bá pa bọ́ọ̀dù kan lónìí, ohun tí wọn ò tún ní ṣe mọ́ ló pa.

26. Àwọn tó sì mọ̀ ọ́n ṣe ńkọ́? Wọn ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ọ̀gá ló ń fi han ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ á fojú kó o, àmọ́ ohun tí ojú bá gbàgbé, ó lọ nìyẹn. LAUTECH ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1990, wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ iná àti ẹ̀rọ níbẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Under G kò jìnnà. Síbẹ̀, ohun tí oníṣẹ́ lẹ́bàá títì mọ̀ nípa bọ́ọ̀dù tó tẹ̀ àti ọyẹ́ tó ń pa chip, mi ò tíì rí i nínú ìwé Yorùbá kankan.

27. Nítorí náà, iṣẹ́ kan rè é fún yín. Tí ẹ bá mọ ẹnì kan ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbikíbi, tó ń ṣe ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù láti ìgbà PlayStation àkọ́kọ́, ẹ lọ jókòó tì í. Ẹ kí i dáadáa, ẹ ra nǹkan tútù lọ́wọ́. Ẹ bi í pé, "Ọ̀gá, bọ́ọ̀dù wo ló dùn yín jù pé ó kú, kí ló sì pa á?" Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Ẹ fi sábẹ́ ibí, ẹ jẹ́ ká jọ kà á.